Àrokò Inú Ẹ̀dọ̀: Ohun tí ń Jí Fáírọ́ọ̀sì Hẹpatáítísì B, àti Ohun tí ń Mú Un Sùn

Ọ̀rọ̀ àrùn kan tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn dókítà ń pè é ní hẹpatáítísì B. Kì í ṣe bí a ṣe ń kó o nìkan ni n ó sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ìyẹn rí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ tú wò ni èyí: fáírọ́ọ̀sì kan tí kò ní ọwọ́, tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò lè dá nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀, báwo ni ó ṣe ń mú kí ẹ̀dọ̀ ènìyàn máa bá a ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru? Kí sì ni ó fà á tí ó fi lè sùn sínú ara fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kí ó tó dìde lọ́jọ́ kan?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, àwọn tí àrùn yìí ń bá gbé lágbàáyé tó mílíọ̀nù 254, àti pé ó pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.1 ní ọdún kan ṣoṣo yẹn. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹ̀dọ̀ wọn le gbagidi bí awọ tí oòrùn gbẹ, tàbí tí jẹjẹrẹ mú wọn lẹ́dọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn ibi tí ó pọ̀ sí jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ní in jókòó tì yín nísinsìnyí, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá jà. Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà, Baruch Blumberg ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó gbé lọ́wọ́ kì í ṣe ti àrùn ẹ̀dọ̀ rárá. Ohun tí ó ń wá ni ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kan fi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ó sì ń gba ẹ̀jẹ̀ káàkiri ayé. Ó tilẹ̀ dé ilẹ̀ Nàìjíríà wa níhìn-ín nítorí iṣẹ́ náà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní ọdún 1965 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun àjèjì kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia kan. Ẹ̀yìn èyí ni ó hàn pé ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítísì B ni ohun àjèjì náà. Ní ọdún 1970, D. S. Dane àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rí fáírọ́ọ̀sì náà lódindi nínú awò alágbára tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní ọdún 1976, wọ́n fún Blumberg ní ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tí Dane rí kéré ju ohun tí ojú lè rò lọ. Bí a bá to 20,000 irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, gígùn wọn kò ní pé mìlímítà kan. Inú ìlẹ̀kẹ̀ kékeré yìí ni ó fi DNA rẹ̀ pamọ́ sí. DNA ni ìwé ìlànà tí gbogbo ohun abẹ̀mí fi ń mọ ohun tí wọn yóò dà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó ní: A, C, G àti T. Ìwé ìlànà ti ènìyàn tó lẹ́tà bílíọ̀nù 3. Ti fáírọ́ọ̀sì yìí kò ju bíi 3,200 lọ. Bí tiwa bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ojú-ìwé, tirẹ̀ jẹ́ ojú-ìwé kan ṣoṣo.

Ojú-ìwé kan yìí ni ó lo bí ahun ṣe ń lo owó. Ó fi ọ̀rọ̀ kan há inú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kọ “igbádùn” sí orí síléètì yín, kí ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò. Ẹ wò ó dáadáa: “igba” wà níbẹ̀, “adun” náà sì wà níbẹ̀, lẹ́tà “a” kan náà ni àwọn méjèèjì sì jọ ń lò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ṣe kọ iṣẹ́ mẹ́rin sínú ìwé tí kò yẹ kí ó gbà ju iṣẹ́ méjì lọ: iṣẹ́ ẹ̀wù òde, iṣẹ́ àpótí inú, iṣẹ́ ẹni tí ń kọ DNA tuntun, àti iṣẹ́ ẹnìkan tí wọ́n sọ ní X, nítorí pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. X yìí, ẹ má gbàgbé rẹ̀ o. A óò padà bá a.

Ẹ̀yin àgbà mọ àrokò. Láyé àtijọ́, kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀, bí ènìyàn bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé owó lásán ni. Ẹni tí a kọ́ yóò rántí pé ẹ̀fà ni mẹ́fà, àti pé ẹni tí ó rán an ń wí pé ọkàn òun fà sí i. Owó ẹyọ náà kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. DNA fáírọ́ọ̀sì yìí, àrokò ni. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ nínú ìgò fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò ní ṣe nǹkan kan. Ó di ìgbà tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà kí ó tó di iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà, inú ẹ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e wọlé. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe òróòro tí a fi ń da ọ̀rá inú oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ kì í fi nǹkan ṣòfò. Lẹ́yìn tí òróòro bá ti ṣiṣẹ́ tán nínú ìfun, ẹ̀dọ̀ a tún máa kó iyọ̀ inú rẹ̀ padà sílé. Ìlẹ̀kùn tí ó ń gbà kó o wọlé ni àwọn onímọ̀ ń pè ní NTCP. Ní ọdún 2012, Wenhui Li àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Beijing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, fi hàn pé ìlẹ̀kùn yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ìlẹ̀kùn tí ẹ̀dọ̀ ṣe fún ara rẹ̀ ni olè rí gbà wọlé.

Nígbà tí ó bá wọlé, ó gba inú ọgbà sẹ́ẹ̀lì lọ sí yàrá inú lọ́hùn-ún, níbi tí ìwé ìlànà tiwa wà. DNA tí ó gbé dání dà bí òrùka tí kò tíì pé. Apá kan rẹ̀ ṣì yọ sílẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe òun ni ó ń tún un ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì wa, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tún DNA tiwa tí ó bá já so, ni wọ́n rí òrùka tí ó já, tí wọ́n sì dì í pa. Láti ìgbà náà lọ, ó ti di òrùka pípé tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní òpin, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cccDNA. Wọ́n á sì wé e mọ́ àwọn purotéènì róbótó kan bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wé DNA tiwa gan-an. Àlejò ti wọ aṣọ onílé.

Mo pe purotéènì. Mo mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ ọ, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran ni ó ń wá sí wa lọ́kàn, òótọ́ sì ni, nítorí inú wọn ni a ti ń rí i jẹ. Ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì ni òṣìṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi wọn ni ó wà, olúkúlùkù sì ní bátànì tirẹ̀. Àwọn kan wà tí bátànì wọn bá lẹ́tà DNA kan mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá ihò àgádágodo mu. Wọ́n á máa rìn lára DNA títí wọn yóò fi kan lẹ́tà tí wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò dúró sí, tí wọn yóò sì ké sí akọ̀wé.

Akọ̀wé náà, purotéènì ńlá kan tí a ń pè ní RNA polymerase II, ni ó ń da DNA kọ sínú ìwé pélébé tí a ń pè ní RNA. RNA yìí ni a óò gbé jáde lọ síbi iṣẹ́. Akọ̀wé kì í dédé kọ̀wé. Bí kò bá sí ẹni tí ó pè é, yóò kọjá lọ ni. Fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítísì B kò ní akọ̀wé tirẹ̀ tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì ní ẹni tí yóò pè é. Ohun tí ó ní ni ojú ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin lára òrùka rẹ̀, àti ibi ìkóríyá méjì tí ń mú kí iṣẹ́ yá sí i. Gbogbo ojú wọ̀nyí ni ó kún fún lẹ́tà tí àwọn purotéènì ẹ̀dọ̀ wa mọ̀.

Àwọn wo ni purotéènì náà? Orúkọ wọn dà bí nọ́ńbà ọkọ̀: HNF1, HNF3, HNF4, C/EBP. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Ìjòyè àgbà ni wọ́n láàfin ẹ̀dọ̀. Àwọn ni wọ́n ń pàṣẹ pé kí ẹ̀dọ̀ ṣe ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá fara gbọgbẹ́, kí ó tọ́jú ṣúgà, kí ó ṣe òróòro. HNF1 a máa dúró sí ojú ìbẹ̀rẹ̀ tí a ti ń kọ ìwé ẹ̀wù tí ó tóbi jù. HNF4 a máa dúró sí ojú ìbẹ̀rẹ̀ àpótí inú, ibi tí a ti ń kọ RNA tí ó gùn jù, tí lẹ́tà rẹ̀ tó 3,500. Ọmọ tí ó bá mọ ìṣirò yóò ti bi mí pé: òrùka tí ó jẹ́ 3,200, báwo ni ìwé tí a dà kọ lára rẹ̀ ṣe gùn jù ú lọ? Ìbéèrè dáadáa ni. Nítorí pé òrùka ni, akọ̀wé a máa yí i po, a sì tún kọjá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dúró. RNA gígùn yìí ni irúgbìn. Òun ni a óò dì sínú àpótí, tí a óò tún fi kọ DNA fún fáírọ́ọ̀sì tuntun.

Èyí ni ó fà á tí àrùn yìí fi jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀, tí kì í ṣe àrùn awọ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró. Ìlẹ̀kùn NTCP jẹ́ apá kan ìdí náà, àwọn ìjòyè wọ̀nyí sì ni apá kejì. Ní ọdún 2001, Tang àti McLachlan ní Amẹ́ríkà dán an wò. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì eku tí kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀, wọ́n fi DNA fáírọ́ọ̀sì náà sínú rẹ̀ tààrà, wọn kò jẹ́ kí ó gba ẹnu ìlẹ̀kùn. RNA gígùn náà kò jáde. Àrokò ti dé, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kà á kò sí nílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi HNF4 kún un. Kíá, RNA gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fáírọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò bá a tan rárá. Àwọn baba wa ló wí pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.

Nítorí pé ìjòyè ẹ̀dọ̀ ni ó gbára lé, ohunkóhun tí ó bá kan ìjòyè wọ̀nyí yóò kan òun náà. Bí ebi bá ń pa wá, ẹ̀dọ̀ a máa pe purotéènì kan tí ń jẹ́ PGC-1α láti ran HNF4 àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè ṣe ṣúgà fún ara. Ní ọdún 2006, Yosef Shaul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì fi hàn pé bí ebi bá pa eku tí ó ní DNA fáírọ́ọ̀sì yìí lára, iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì náà a pọ̀ sí i; bí wọ́n bá sì fún eku náà lóúnjẹ, a tún rọlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé mo ní kí ẹ má gbààwẹ̀ o. Eku ni mo wí, n kò wí ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ní àrùn yìí, tí ó sì fẹ́ gbààwẹ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ óò máa rò ó pé sẹ́ẹ̀lì wa gọ̀ púpọ̀, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọ̀tá. Kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọlọ́dẹ. Purotéènì mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kó ara wọn jọ di ọlọ́dẹ tí a ń pè ní Smc5/6. Iṣẹ́ rẹ̀ lára DNA tiwa ni láti máa tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí òrùka àjèjì, a rọ̀ mọ́ ọn, a sì dì í mú tí akọ̀wé kò fi ní ráyè kọ nǹkan kan. Òrùka náà yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yadi.

Ibi yìí ni X ti jáde. Ní ọdún 2016, Michel Strubin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland, ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, àwọn kólẹ̀kódọ̀tí wà tí wọ́n ń fi àmì sí purotéènì tí ó ti gbó, kí a lè lọ lọ̀ ọ́. X a lọ fara mọ́ DDB1, ọ̀kan nínú àwọn kólẹ̀kódọ̀tí yìí, a mú un lọ bá ọlọ́dẹ, a sì jẹ́ kí ó fi àmì ìdọ̀tí sí ọlọ́dẹ lára. Wọ́n á lọ ọlọ́dẹ. Òrùka á bọ́, akọ̀wé á jókòó, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ojú-ìwé kan péré ni fáírọ́ọ̀sì yìí ní, síbẹ̀ ó ya àyè sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ẹlẹ́rìí èké.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé. Àwọn oògùn tí a fi ń tọ́jú àrùn yìí lónìí, irú tenofovir àti entecavir, oògùn dáadáa ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni ibi tí fáírọ́ọ̀sì ti ń fi RNA gígùn kọ DNA tuntun. Wọ́n á dá iṣẹ́ yẹn dúró, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù títí àyẹ̀wò fi lè má rí i mọ́, ẹ̀dọ̀ á sì sinmi. Ṣùgbọ́n wọn kì í kan òrùka. Òrùka ṣì wà nínú yàrá, àwọn ìjòyè ṣì wà níbẹ̀, akọ̀wé sì ń kọ̀wé. Nígbà tí ẹnìkan bá rí i pé ara òun ti yá, tí ó sọ pé kí ni òun ń ra oògùn sí, tí ó sì dá a dúró láìbi dókítà, láàárín oṣù díẹ̀ fáírọ́ọ̀sì lè tún kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú, ẹ̀dọ̀ sì lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní baba, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó ń lo oògùn yìí ṣàlàyé òrùka náà fún wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí òun fi ń gbé oògùn mì kì í tètè dá a dúró.

Èkejì tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé ọwọ́ ara wa ni a fi ń fà á. Prednisolone àti dexamethasone wà lórí tábìlì onítajà oògùn káàkiri. Dókítà ń lò wọ́n fún àìsàn tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń rà wọ́n láìsí ìwé dókítà, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè kún, kí wọ́n lè sanra. Bí oògùn yìí bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, a mú purotéènì kan lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á sì jọ lọ dúró lára DNA láti ké sí akọ̀wé. Òrùka hẹpatáítísì B ní àyè tí purotéènì yìí lè dúró sí. Oògùn kan náà ni yóò máa jí fáírọ́ọ̀sì, tí yóò sì máa rẹ àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n bá a jà sílẹ̀. Ẹni tí òrùka rẹ̀ ti ń sùn láti kékeré, tí kò mọ̀, lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀ kí ó pọ́n bí ọsàn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà tí ń tọ́jú jẹjẹrẹ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hẹpatáítísì B kí wọ́n tó fún ènìyàn ní oògùn líle. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà, ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ gba owó yín lásán ni.

Òrùka tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè jí. Bí àrùn yìí bá mú ọmọ ọwọ́ nígbà ìbí tàbí ní ọdún àkọ́kọ́, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ni yóò gbé e dàgbà. Bí ó bá mú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ẹni tí yóò bá a gbé kò pé ẹnìkan nínú ogún. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Kò sí DNA fáírọ́ọ̀sì kankan nínú abẹ́rẹ́ náà. Kìkì ẹ̀wù rẹ̀ ni, tí a fi ìwúkàrà ṣe. Abẹ tí a fi ń kọlà, tí a fi ń sín gbẹ́rẹ́, tí a fi ń fárí, kí ó má ṣe ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Àrùn náà ń gba ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ràn. Kì í ti inú abọ́ oúnjẹ ràn, kì í sì í ti ìfọwọ́bọwọ́ ràn, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi ya àwo ẹni tí ó ní in sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ báyìí ni bí wọn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ òrùka náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń wá ohun tí yóò gé e. Àwọn mìíràn ní kí a fi í sílẹ̀, kí a ṣáà mú ẹlẹ́rìí èké kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí, kí ọlọ́dẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Japan sọ pé nitazoxanide, oògùn kan tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún ìgbẹ́ gbuuru, ya X kúrò lára DDB1 nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo, ọlọ́dẹ padà wálé, RNA fáírọ́ọ̀sì sì dínkù. Inú àwo ni mo wí o. Kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ sáré lọ sọ́dọ̀ onítajà oògùn lọ́la.